Ìpegedé Ife Àgbáyé àwọn obìnrin: ṣé ó yẹ kí ìdíje kan ṣoṣo máa pín tíkẹ́ẹ̀tì Áfíríkà?

ỌmọẸ̀gbá_Gidi

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mo wà ní pápá MKO Abiola ní Abẹ́òkúta lánàá, ọjọ́ 28 oṣù kẹwàá 2025, nígbà tí Super Falcons, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin Nàìjíríà, àti àwọn obìnrin orílẹ̀-èdè Benin ta ọ̀mì 1-1. A ti kọ́kọ́ nà wọ́n 2-0 ní Lomé, lórílẹ̀-èdè Togo, nítorí náà 3-1 ni gbogbo rẹ̀ já sí, a sì ti wọlé sí Ife Áfíríkà 2026 ní Mòrókò. Inú mi dùn, mo pariwo títí ohùn mi fi há. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń lọ sílé, ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn.

Ní oṣù keje ọdún yìí, ní Rabat, Mòrókò ti fi 2-0 ṣíwájú wa nínú fáínà Ife Áfíríkà. A fi góòlù mẹ́ta dá a lé wọn lórí, ife kẹwàá sì dé ọwọ́ wa. Pẹ̀lú ìyẹn náà, a ṣì ní láti tún gbá ìpegedé. Mòrókò tó ń gbàlejò nìkan ni kò gbá a. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn, kò sẹ́ni tó yẹ kó fi ife àná jókòó. Ohun tó ń dùn mí ni èyí tó wà níwájú. A kò ní ìpegedé Ife Àgbáyé tó dá dúró ní Áfíríkà. Ife Áfíríkà yìí kan náà ni ìpegedé. Bí ẹ bá dé sẹ́mì-fáínà, tíkẹ́ẹ̀tì Brazil 2027 ti wà lápò yín. Bí ẹ bá kú sí kọ́tà-fáínà, ó di kí ẹ máa wá ọ̀nà ẹ̀bùrú nínú pìléọ́ọ̀fù. Iṣẹ́ ọdún mẹ́rin wá rọ̀ mọ́ àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú, nílé onílé.

Ẹ rántí Ife Áfíríkà 2022. Asisat Oshoala farapa nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ tí Gúúsù Áfíríkà ti nà wá 2-1, kò sì gbá bọ́ọ̀lù mọ́ títí ìdíje fi parí. Nígbà tó di kọ́tà-fáínà ní Casablanca, bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo tí Rasheedat Ajibade fi orí kàn wọlé Cameroon ló gbé wa dé Ife Àgbáyé 2023 ní Ọsirélíà. Ká ní bọ́ọ̀lù yẹn lu òpó ńkọ́?

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí CAF, àjọ bọ́ọ̀lù Áfíríkà, ya ìpegedé Ife Àgbáyé sọ́tọ̀. Ká gbá a nílé, ká gbá a lóko. Kí lẹ rí sí i?

Oníṣirò_Pápá

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú oríire ti àná. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n rán yín létí nǹkan kan kí ẹ tó máa bẹ CAF.

Gbá nílé, gbá lóko tí ẹ ń wí yìí, òun gan-an ni wọ́n fi ń pín tíkẹ́ẹ̀tì Olympics ní Áfíríkà. Kí ló fi ojú wa rí? Ti 2012, Cameroon fi pẹnáritì lé wa dànù. Ti 2016, Equatorial Guinea ló dí wa lọ́nà. Ti Tokyo, Côte d'Ivoire. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta léraléra! Láti Beijing 2008 a kò tún fojú kan Olympics mọ́ títí di Paris 2024. Ọdún mẹ́rìndínlógún gbáko.

Ẹ wá wo Ife Àgbáyé. Láti 1991 tó ti bẹ̀rẹ̀ ní Ṣáínà títí di 2023, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni wọ́n ti gbá a, kò sí ọ̀kan tí Nàìjíríà kò lọ. Orílẹ̀-èdè méje péré ló lè sọ bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ayé: Amẹ́ríkà, Brazil, Jámánì, Jàpáánì, Norway, Sweden àti àwa. Láti 1998 wá, Ife Áfíríkà ló ń gbé wa lọ. Ẹ̀ka tí a jókòó lé lẹ fẹ́ ká gé yẹn.

Ìyá_Ìbejì

Oníṣirò, ọmọ mi, má mẹ́nu ba ti Tokyo o. Mo wà ní pápá Agége lọ́jọ́ náà, oṣù kẹwàá 2019. A ti ta ọ̀mì 0-0 ní Abidjan. Ní Agége, 1-1. A kò pàdánù níbẹ̀, a kò pàdánù níhìn-ín, síbẹ̀ àwa la jáde, torí góòlù tí wọ́n gbá wọlé wa níhìn-ín wúwo ju èyí tí a gbá wọlé wọn lọ. Nígbà tí fèrè dún, ọ̀pọ̀ èèyàn tó yí mi ká kò tètè mọ̀ pé ó ti parí fún wa. Wọ́n rò pé àfikún àsìkò ló kàn. Èmi ni mo ń ṣàlàyé fún ọkùnrin kan tó jókòó sẹ́yìn mi, ó ní irọ́ ni mò ń pa. Ẹkún ni mo sun dé ilé.

Ṣùgbọ́n òfin góòlù ilé onílé ló ṣe wá bẹ́ẹ̀, kì í ṣe gbá nílé, gbá lóko. Ẹ má da ọ̀ràn ẹnìkan lé ẹlòmíràn lórí. UEFA, àjọ bọ́ọ̀lù Yúróòpù, ti pa òfin yẹn rẹ́ ní 2021. Bẹ́ẹ̀ sì ni kì í ṣe àwa nìkan ló jẹ níyà. Cameroon gan-an ló yẹ kó sọ̀rọ̀. Ti Rio 2016, wọ́n na Zimbabwe 2-1 nílé, Zimbabwe nà wọ́n 1-0 nílé tiẹ̀, Zimbabwe lọ. Ti Tokyo, wọ́n na Zambia 3-2, Zambia nà wọ́n 2-1, 4-4 ni àpapọ̀, Zambia lọ. Wọ́n wá fún Cameroon ní àǹfààní kan sí i pẹ̀lú Chile, Chile fi 2-1 gbé e. Ẹ wo orílẹ̀-èdè tí àpapọ̀ góòlù rẹ̀ kò kéré sí ti ẹnikẹ́ni ní Áfíríkà lẹ́ẹ̀mejì, tí kò sì rí Olympics lẹ́ẹ̀mejèèjì.

ỌmọẸ̀gbá_Gidi

Mọ̀mí, ẹ ṣé gan-an. Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyẹn, ẹ bá mi sọ ọ́.

Oníṣirò, o ka ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tí a ṣubú, o kò ka èyí tí a dìde. Báwo la ṣe dé Paris? Ethiopia 1-1 ní Addis Ababa, 4-0 ní Àbújá. Cameroon 0-0 ní Douala, 1-0 ní Àbújá. Gúúsù Áfíríkà 1-0 ní Àbújá, pẹnáritì Ajibade, lẹ́yìn náà 0-0 ní Pretoria. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́fà, góòlù kan ṣoṣo ló wọlé wa. Ẹgbẹ́ tó bá gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kọjá, kò sẹ́ni tó lè sọ pé oríire ló gbé e débẹ̀.

Ẹ tún wo Zambia lọ́dún yẹn kan náà. Mòrókò nà wọ́n 2-1 ní Ndola, nílé wọn. Gbogbo èèyàn ti sọ pé ó tán. Wọ́n wọ Rabat lọ, wọ́n nà án 2-0 lẹ́yìn àfikún àsìkò, wọ́n sì lọ sí Paris. Nínú kọ́tà-fáínà alẹ́ kan, ilé ni Zambia ìbá ti lọ láti ìgbà àkọ́kọ́. Èyí ni mo pè ní ìdájọ́ tó péye: kí ẹni tó ṣubú lónìí rí ọjọ́ mìíràn dìde.

Kóòṣì_Aláfẹsẹ̀rìn

Mo ti ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní bọ́ọ̀lù fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹni tó wà lórí àga kò lè tètè rí.

Nígbà tí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ bá jẹ́ gbá nílé, gbá lóko, agbábọ́ọ̀lù kan ń bọ̀ láti Spain, ìkejì láti Amẹ́ríkà, ìkẹta láti Saudi. Wọn kò ní dé lọ́jọ́ kan náà. Oorun ṣì wà lójú ẹlòmíràn, wọ́n ti ní kó wọ ṣòkòtò. Kóòṣì a rí gbogbo wọn papọ̀ lórí pápá lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, ó parí. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí 0-0 àti 1-0 káàkiri. Ẹ̀gbọ́n ỌmọẸ̀gbá ń pè é ní ìdájọ́ tó péye. Lójú tèmi, ìbẹ̀rù ló pọ̀ jù níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kó góòlù jẹ nílé ara rẹ̀.

Ṣùgbọ́n nínú ìdíje ọlọ́sẹ̀ mẹ́ta, ẹgbẹ́ máa ń dàgbà lójú yín. Super Falcons tó gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ ní Mòrókò lọ́dún yìí kọ́ ló na Zambia 5-0 ní kọ́tà-fáínà. Ẹgbẹ́ mìíràn ni. Wọ́n ti jẹun pọ̀, wọ́n ti mọ ibi tí ẹnì kejì ń sáré sí. Justine Madugu, kóòṣì wọn, kò lè rí irú àsìkò bẹ́ẹ̀ nínú ọjọ́ mẹ́rin.

Owó náà wà níbẹ̀. Nínú ìpegedé Rio, Côte d'Ivoire yọwọ́ kí wọ́n tó bá Zimbabwe gbá, Zimbabwe sì kọjá láìlàágùn. Bí ẹ bá fi ìrìnàjò kún ìrìnàjò, ẹgbẹ́ obìnrin ni àwọn àjọ kan máa kọ́kọ́ yọ owó kúrò lórí rẹ̀. Mo ti rí i tó ṣẹlẹ̀ sí ẹgbẹ́ tí mò ń kọ́. Ẹni tó yẹ kó fún wa ní bọ́ọ̀sì ní kò sówó mọ́, a jókòó sílé pẹ̀lú àpò tí a ti dì. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kan gbé bàtà rẹ̀ mọ́ àyà, ó ní, "Kóòṣì, ṣé wọ́n á tún bá wa dá ọjọ́ mìíràn ni?" Wọn kò dá a.

Àdùkẹ́_Ẹ̀bá_Pápá

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹ̀lé bọ́ọ̀lù obìnrin ni. Pìléọ́ọ̀fù wo ni ẹ̀gbọ́n ní àwọn tó bá kú sí kọ́tà-fáínà ń lọ? Ẹ má bínú.

Oníṣirò_Pápá

Àbúrò, kò sí ìbínú níbẹ̀.

Orílẹ̀-èdè 32 ló ń lọ sí Ife Àgbáyé. Fún 2027, Yúróòpù ní àyè 11 tó dájú, Éṣíà 6, Áfíríkà 4, àríwá àti àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà 4, gúúsù Amẹ́ríkà 2 yàtọ̀ sí Brazil tó ń gbàlejò, Oceania 1. Ó ku àyè mẹ́ta. Orílẹ̀-èdè mẹ́wàá láti gbogbo àgbáyé ni yóò máa jà sí mẹ́ta yẹn nínú pìléọ́ọ̀fù, méjì nínú wọn láti Áfíríkà. Àwọn mẹ́rin tó pàdánù ní kọ́tà-fáínà wa máa kọ́kọ́ bá ara wọn gbá, méjì tó bá yege ló ń lọ.

Bó ṣe rí nìyẹn fún 2023. New Zealand ni wọ́n ti gbá a ní oṣù kejì ọdún náà. Áfíríkà rán Cameroon àti Senegal. Portugal na Cameroon 2-1, Haiti na Senegal 4-0. Àwọn méjèèjì padà sílé. Ìdí nìyẹn tí kọ́tà-fáínà fi ń ba gbogbo èèyàn lẹ́rù.

Akọni_Ìkẹjà

Ẹ̀yin èèyàn ń jà lórí ilẹ̀kùn, ẹ kò wo bí yàrá náà ṣe kéré tó. Mẹ́rin! Yúróòpù 11, àwa 4!

Ẹ wo ohun tí mẹ́rin wa ṣe ní 2023. Nàìjíríà ta ọ̀mì pẹ̀lú Canada tó gba góòlù ní Tokyo Olympics, ó na Ọsirélíà 3-2 nílé wọn, kò pàdánù ní gúrúùpù. Mòrókò, tó jẹ́ àkọ́lọ rẹ̀, kọjá gúrúùpù tí Jámánì ti jáde. Gúúsù Áfíríkà na Ítálì 3-2, ó kọjá. Mẹ́ta nínú mẹ́rin wọ ìpele ẹlẹ́gbẹ́ 16. Inú pẹnáritì ni England ti rí wa lẹ́yìn 0-0. Kí la tún fẹ́ ṣe kí wọ́n tó fún wa ní márùn-ún tàbí mẹ́fà?

Bí àyè bá pọ̀, kọ́tà-fáínà kò ní jẹ́ ẹnu ibojì mọ́. Ọ̀rọ̀ mi nìyẹn.

Ìyá_Ìbejì

Òótọ́ ni Akọni sọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rántí ibi tí a ti ń bọ̀ pẹ̀lú. Ní 1991 àti 1995, àyè kan ṣoṣo ni gbogbo Áfíríkà ní. Láti 1999 dé 2011, méjì. 2015 àti 2019, mẹ́ta. Mẹ́rin ló dé ní 2023. Nígbà ìpegedé 1995, a na Gúúsù Áfíríkà 4-1, a tún nà wọ́n 7-1. Mọ́kànlá sí méjì! Gúúsù Áfíríkà yẹn náà ló gba Ife Áfíríkà 2022 lójú Mòrókò ní Rabat. Bọ́ọ̀lù obìnrin Áfíríkà ti gòkè ju bí àyè ṣe ń gòkè lọ.

(Akọni, góòlù Olympics tí o sọ, mo kọ́kọ́ rò pé góòlù inú àwọ̀n ni. Mo ka á lẹ́ẹ̀mejì kó tó yé mi pé ti àmì-ẹ̀yẹ wúrà ni.)

Ọ̀dọ́_Líìgì

Èmi ò fara mọ́ ti ẹ̀gbọ́n ỌmọẸ̀gbá o. Bí ìpegedé bá pọ̀ jù, àlùbami ló máa dà. Ẹ lọ wo Yúróòpù. Nínú ìpegedé 2023, England na Latvia 20-0 ní Doncaster. Ogún! Belgium na Armenia 19-0 ní oṣù kan náà. England gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́wàá, góòlù 80, kò sí ọ̀kan tó wọlé wọn. Kí ni Latvia rí kọ́ níbẹ̀? Kí ni England gan-an rí kọ́? Ọmọ tó bá jẹ́ aṣọ́lé Latvia lálẹ́ yẹn, àánú rẹ̀ ṣe mí.

Kóòṣì_Aláfẹsẹ̀rìn

Ọ̀dọ́, UEFA ti tún ìyẹn ṣe. Láti 2023 ni wọ́n ti pín àwọn orílẹ̀-èdè sí líìgì A, B àti C, kí ẹni tó tó ara wọn máa bá ara wọn gbá, kí ẹni tó bá ṣe dáadáa nísàlẹ̀ sì máa gòkè. Ìpegedé 2027 tiwọn, orí ìyẹn ló dúró lé. Ẹni tó bá ṣe ipò kìíní ní gúrúùpù kọ̀ọ̀kan nínú líìgì A ń lọ tààrà, àwọn tó kù ń bọ́ sí pìléọ́ọ̀fù.

Gúúsù Amẹ́ríkà gan-an ló yẹ ká wò, torí pé bíi tiwa ni wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀. Copa América ló ń pín tíkẹ́ẹ̀tì fún wọn. Fún 2027, wọ́n ti pa á tì. Àwọn mẹ́sàn-án yòókù, yàtọ̀ sí Brazil, ń gbá líìgì báyìí. Olúkúlùkù á gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́jọ, mẹ́rin nílé, mẹ́rin lóko. Mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́: nígbà tí mo kà á, mo ronú padà sí ohun tí mo kọ lókè. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́jọ yàtọ̀ sí méjì. Nínú mẹ́jọ, ẹgbẹ́ lè dàgbà.

Alábòójútó

Mo ti yọ ọ̀rọ̀ méjì kúrò níhìn-ín tó bú àwọn agbábọ́ọ̀lù Benin. Wọ́n wá sí Abẹ́òkúta, wọ́n ta ọ̀mì pẹ̀lú olúborí Áfíríkà. Ọ̀wọ̀ ló tọ́ sí wọn. Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ lọ.

ỌmọẸ̀gbá_Gidi

Ẹ ṣé, Alábòójútó. Lóòótọ́, àwọn ọmọ Benin yẹn gbá bọ́ọ̀lù. Lomé ni wọ́n ti gba wá lálejò, a lè ní wọn kò tiẹ̀ gbá ọ̀kankan nílé.

Kóòṣì, ìtàn ọmọ tó gbé bàtà mọ́ àyà yẹn kò kúrò lọ́kàn mi láti àná. Mo ní tèmi náà. Ọmọbìnrin kan jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi ní pápá, òun àti bàbá rẹ̀. Kò lè ju ọdún mẹ́sàn-án lọ. Ó wọ jẹ́sì nọ́ńbà 15, ti Ajibade. Ó ti wo fáínà Rabat lórí tẹlifíṣọ̀n, ó mọ orúkọ gbogbo wọn, ṣùgbọ́n kò tíì rí wọn sójú rí. Nígbà tí wọ́n ń wọ bọ́ọ̀sì lọ, ó bi bàbá rẹ̀ pé ìgbà wo ni wọ́n tún ń bọ̀ wá gbá ìpegedé nílé. Bàbá rẹ̀ wò mí, èmi náà wò ó. Ìpegedé ti parí. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ṣoṣo nílé, ó tán. Àwọn tó kù, Mòrókò ni. Bí wọ́n bá tún gba tíkẹ́ẹ̀tì, Brazil ni.

Mo ti ń pariwo ìdájọ́ látàárọ̀, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń ka ọ̀rọ̀ yín, mo rí i pé ohun tó ń dùn mí gan-an nìyí. Wọ́n di olúborí Áfíríkà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, àwọn ọmọ wa kò sì rí wọn.

Oníṣirò_Pápá (ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà)

Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí dìde padà torí ìròyìn tó jáde. CAF ti sọ Ife Áfíríkà 2026 di ẹlẹ́gbẹ́ 16 dípò 12. Àwọn mẹ́rin tí wọ́n fi kún un ni Cameroon, Côte d'Ivoire, Mali àti Egypt. Wọ́n ti pàdánù nínú ìpegedé tẹ́lẹ̀, ipò wọn lórí àtẹ FIFA ló gbà wọ́n padà. Àyè Ife Àgbáyé ṣì jẹ́ mẹ́rin.

Akọni_Ìkẹjà

Ẹlẹ́gbẹ́ 16 sí àyè mẹ́rin. Ilé gbòòrò sí i, ilẹ̀kùn kò gbòòrò. Ṣùgbọ́n inú mi dùn fún Cameroon. Lẹ́yìn gbogbo ohun tí Ìyá Ìbejì kà sílẹ̀ yẹn, ó tọ́ sí wọn kí ẹnìkan ṣílẹ̀kùn fún wọn lẹ́ẹ̀kan.

Ìyá_Ìbejì

Èmi ò mọ̀ bóyá ó dára. Ẹni tó na Cameroon jáde lórí pápá, kí ni a ó sọ fún un? Pé iṣẹ́ tó ṣe kò já mọ́ nǹkan? Algeria ló nà wọ́n, Algeria ló sì làágùn. Bí wọ́n bá fẹ́ 16, kí wọ́n sọ ọ́ kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀.

ỌmọẸ̀gbá_Gidi

Mo fara mọ́ mọ̀mí lórí èyí.

Mo sì ti yí ohùn mi padà díẹ̀. Kí Ife Áfíríkà máa pín tíkẹ́ẹ̀tì lọ, Oníṣirò ti borí mi níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ìpegedé Ife Áfíríkà fúnra rẹ̀ má jẹ́ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjì péré mọ́. Kí wọ́n pín wa sí gúrúùpù ẹlẹ́gbẹ́ mẹ́rin mẹ́rin. Kóòṣì, ṣé àsìkò máa gbà á?

Kóòṣì_Aláfẹsẹ̀rìn

Ó máa gbà á. Gúrúùpù ẹlẹ́gbẹ́ mẹ́rin, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́fà, mẹ́ta nílé. Méjì méjì ní àsìkò tí FIFA fi ń gba agbábọ́ọ̀lù lọ́wọ́ kílọ́ọ̀bù, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni. Owó ìrìnàjò ló kù, ibẹ̀ ni CAF ti gbọ́dọ̀ dá sí i, pàápàá fún àwọn tí kò ní pápá tiwọn bíi Benin. Kí wọ́n fi ẹyọ kan nínú mẹ́ta yẹn sí Abẹ́òkúta, kí ọmọ oní-nọ́ńbà 15 yẹn lè rí ìdáhùn gbà.